Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin Wáàtì

Ìgbà kẹta nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.
Mo ṣí kàlẹ́ńdà ìjọ kan ní Bárígà,
ojú ewé mẹ́jọ, àwọ̀ bí òṣùmàrè,
mo ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún mi,
pàù!
Iná wà lára ògiri, fáànù òkè ń yí,
òun nìkan ló kú.

Bàbá mi ń gé bébà nídìí ẹ̀rọ, ní Ṣómólú níbẹ̀,
kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní,
"Ẹni tó bá kú sídìí iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo abọ́ rẹ̀."

Mo dì í sínú àpò ìrẹsì, ó di Ọ̀tígbà n'Ikẹjà,
òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta,
níbi tí Múdàṣírù ti ń fi ẹnu fẹ́ eruku
kúrò lára ohun tó wọ́n ju mọ́tò lọ.
Kò fi wáyà kàn án. Kò fi ẹ̀rọ kankan yẹ̀ ẹ́ wò.
Ó tú páwà sọ́pláì jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì,
ó gbé àlòkù kan tó ti pọ́n sí ọ̀tún,
ó ń sọ wọ́n sókè sódò bí ẹni ń wọn iṣu.
"Ìwọ náà gbé e. Kí lo gbọ́?"
Ó fúyẹ́ bí páálí ìpápánu.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin wáàtì ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára.
"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ẹnu lásán," ni Múdàṣírù wí.
"Ikùn rẹ̀ ò tó ọ̀ọ́dúnrún."

Ó fa ríṣíìtì àná yọ, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀:
ọpọlọ inú rẹ̀ ń jẹ ọgọ́fà nígbà tébi bá pa á gan-an;
káàdì àwòrán tí mo rà lọ́dún tó kọjá, alájẹkì,
okòólénígba, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín in;
pátákó, díìsìkì, fáànù mẹ́ta,
àti àwọn iná wínníwínní tí mo ní kí wọ́n máa tàn bí ti Kérésì,
"jẹ́ ká pè é lọ́gọ́ta."
Ó fa ìlà sí i nídìí. Irinwó.

"Ó yá, fún mi ní ti irinwó."
"Ṣé o máa ń rọ omi kún garawa dé ẹnu
kí o tó gbé e gun àtẹ̀gùn?"
"Ẹgbẹ̀rún ńkọ́ nígbà náà? Kí n lè sùn."
"Ẹgbẹ̀rún ò ní pa á lára, ìwọ̀nba tó bá fẹ́ bù náà ni yóò bù.
Àpò rẹ ló máa pa lára. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.
Ẹgbẹ̀ta. Ojúlówó. Kó sì wúwo."

Ó wúwo. Mo ní n ó san án lẹ́ẹ̀mejì;
ẹ̀ẹ̀kejì ṣì wà lọ́rùn mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà bàbá mi mú èyí tó kú,
ó fi èékánná họ etí lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò pa á, ó gbé e súnmọ́ gílóòbù.
Ó mọ bébà náà.
Ó mọ pupa yẹn, tó máa ń ṣàn díẹ̀ sápá ọ̀tún
láti ìgbà tí rólà wa ti tẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún méjì ẹyọ, ọkùnrin kan tí kò gba ríṣíìtì.
A ò bi í pé kí ló fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́.
Bàbá mi gbé e sílẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́.
Ó pẹ́ níbẹ̀.

Kàlẹ́ńdà ti jáde. Ṣùgbọ́n bí Nẹ́pà bá mú iná lọ,
jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbọ̀n lẹ́yìnkùlé wa
kò lè gbé èmi àti fíríísà pọ̀,
mo sì gbọ́dọ̀ ké sí ìyá mi kó yọ yìnyín tó ń tà kúrò lórí iná.
Lánàá ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wáyà lọ́wọ́:
"Ṣẹ̀gílọlá, tèmi yìí ńkọ́, wáàtì mélòó ló ń jẹ?"
Mo ní n ò mọ̀.
"Lọ pe Múdàṣírù.
Kó wá gbé e lọ́wọ́ wò."