Kásẹ́ẹ̀tì Tí Kò Lórúkọ

Ní Zrenjanin, lọ́dún tí yìnyín dí ojú fèrèsé wa pa,
Slavoljub ẹ̀gbọ́n mi fi irin gbígbóná àti òjé
so kọ̀ǹpútà kan pọ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná.
Oṣù mẹ́ta gbáko. Ó jó ìka, ó jó aṣọ tábìlì.
Ìyá wa ní gbogbo ọbẹ̀ òun ló ti ń rùn bí òjé.

Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ojú rẹ̀ dúdú,
lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ ní funfun pé òun ti ṣetán.
Bí a bá ṣìṣe, gbólóhùn mẹ́ta péré ló mọ̀:
KÍ NI? BÁWO?
Bí ẹrù bá sì ju agbára rẹ̀ lọ: MÁ BÍNÚ.

“Yàrá kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ní ìlẹ̀kùn mẹ́jọ,” ẹ̀gbọ́n mi wí,
“èyí ṣí, èyí tì, kò sí àṣíìṣítán.
Igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta ni yàrá kan lè gbà mọ.
Fi ẹyọ kan lé e, òfo ló ń padà dà.”
Mo ní, bí owó oṣù ìyá wa gan-an.

Lálẹ́ Sátidé, rédíò a máa ju ètò kọ̀ǹpútà sáfẹ́fẹ́.
Olóòtú á ní ká tẹ téèpù,
igbe á wá bẹ̀rẹ̀, kíìì, kẹ̀ẹ̀ẹ̀, ṣììì,
bí ìgbà tí ẹgbàá kòkòrò há sínú agolo.
Aládùúgbò á máa gbá ògiri.
Àwa á dákẹ́ bí ẹni tó pọ́n omi sẹ́nu;
bí fíríìjì bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ju eré ọkọ̀ òṣùpá,
kò sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo nílé.
Mo nawọ́ sẹ́yìn àpótí búrẹ́dì,
mo fa èyí tí kò lórúkọ lára yọ.
Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Ètò wọlé. Ọkọ̀ balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.
Slavoljub gbé mi sókè títí orí mi fi kan gílóòbù.

Ìyá ti ilé iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé, òwú pupa nínú irun rẹ̀.
Ó rí kásẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó, kò bọ́ kóòtù.
“Ohùn bàbá mi ló wà níbẹ̀.”
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀.
Ìgbà ìkórè àjàrà la sin bàbá àgbà Gligorije.

Ọjọ́ mẹ́ta la ò tan ẹ̀rọ.
Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí téèpù yí kọjá òpin eré.
Igbe dá. Ṣìì díẹ̀.
Ikọ́.
Bàbá àgbà ń ka ilé oyin rẹ̀:
“…mọ́kànlá, méjìlá. Ìkẹtàlá ti ṣófo.
Ó tó, Ljubinka, pa á.”

Slavoljub yí i padà síbi ikọ́ náà.
Ó fi okùn so téèpù mọ́ kọ̀ǹpútà,
ó ní kó gbé bàbá àgbà wọlé bí ètò.
Mo mọ̀ pé kò lè ṣe é. Òun náà mọ̀.
Ẹ̀rọ tẹ́tí títí dé “pa á”,
ó ronú díẹ̀,
ó kọ ọ́ ní funfun: MÁ BÍNÚ.

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́tù lọ́wọ́.
Mi ò mọ̀ bóyá ó kà á.
Ó ní ká sún tábìlì kúrò, oúnjẹ ti jinná.