Ọ̀gànwó Tó Sùn Sódò

Òjò àkọ́rọ̀ ló wó o, lóru tí ìjì ṣí páánù ilé wa.
Ìró rẹ̀ jí gbogbo abà; Ìjìwọlé ní òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ló ya.
Ilẹ̀ mọ́, a bá a: orí rẹ̀ ní bèbè ọ̀hún,
gbòǹgbò rẹ̀ ní tiwa, bí ọwọ́ ẹni tó ń wá nǹkan dì mú,
Ọ̀párá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń kùn.

Ọdún méjì. Ọkùnrin oníṣéènì dé láti Kútọnu,
ó fẹsẹ̀ gbá a: "Igi tó ti kú,
kí ló tún kù tó ń ṣe?"
Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́ẹ́fà sí mi lọ́wọ́ ní àsansílẹ̀.
Mo gbà á. Páánù ni mo fi rà. Mi ò purọ́.

Bàbá Bíàú, tó ń dẹ ìgèrè, kò bá mi jà.
Ó ní, "Wá ká jókòó."
A jókòó lé òkú náà lẹ́yìn.
Ikán ti kọ́lé síbi tí èèpo ti bó.
Olú yọ etí funfun, ó ń gbọ́ wa.
Awọ́nríwọ́n kan yọrí nínú ihò,
ó wò wá bí onílé ṣe ń wo àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.
Níbi tí igi ti rà di ilẹ̀, ọmọ igi mẹ́ta hù, ewé méjì méjì,
wọ́n ń mu ọmú ìyá tí kò mí mọ́.
"Wọ́n ní igi dá, ẹyẹ fò," ni bàbá wí.
"Wọn ò sọ ẹni tó dé lẹ́yìn ẹyẹ."

Ẹ̀ẹ̀rùn wá mú. Ọyẹ́ bo òkè lójú.
Ọ̀párá gbẹ, ó já jálajàla bí okùn tó gbó,
ewúrẹ́ ń rìn níbi tí ọkọ̀ ti ń lọ.
Àfi abẹ́ ọ̀gànwó.
Ibẹ̀ ni àgbàrá ti ń forí sọ ọ́ lọ́dọọdún,
tó ń fìbínú gbẹ́lẹ̀,
tó gbẹ́ kòtò tó mù mí dé àyà.
Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: omi tutù.
Àrọ̀ fi irùngbọ̀n kàn mí.
Ọmọ epìyà sá wọ àárín ẹ̀ka
bí ọmọdé ṣe ń sá wọ abẹ́ ìró ìyá rẹ̀.
Ẹja tí a ó jẹ lọ́dún tó ń bọ̀
ń sùn síbẹ̀.

Oníṣéènì padà wá, ayùn lẹ́yìn sẹmijan.
Mo ti ta òbúkọ kan; mo ka ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ fún un.
Ó ku méjì.
Ó bú mi, ó bú bàbá, ó bú igi.
Igi ò fèsì,
àfi nǹkan kan tó ta pọ́ún lábẹ́ rẹ̀.
Bàbá fa ìgèrè rẹ̀ jáde nínú kòtò, ó gbọ̀n ọ́n nù:
"Ó di ìgbà tí odò bá kún."