Kó Tó Tòrò

Ọjọ́ kẹta òjò, Gwenllian Probert dé géètì kúárì,
ìgò kan lọ́wọ́, omi inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ gbígbóná.
"Odò mi nìyí." Kò pariwo.
Ó gbé e ka tábìlì Idris, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti mọ̀. Èmi ni mo ń wa típà
sọ̀kalẹ̀ òkè Powys yẹn láràárọ̀:
táyà ń lọ òkúta kúnná bí èlùbọ́,
òjò ń gbá a lọ sí ọ̀fun ẹja.

Wọ́n ní ká fọ títì. A fọ̀ ọ́.
Omi tí a fi fọ̀ ọ́ gba ibi tí ti àná gbà.

Lóru ni mo rántí ìyá mi, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkìrun,
bó ti ń sẹ́ ògì, tó ń lé ọwọ́ wa kúrò létí ìkòkò:
"Ẹ fi sílẹ̀. Tó bá sinmi, á tòrò."

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi tó ń kọsẹ̀ sọ ọ́ fún Idris.
Ó rẹ́rìn-ín, ó mú bíró.
A la gọ́tà dábùú ọ̀nà, kí omi má sáré dé ìsàlẹ̀;
a gbẹ́ adágún mẹ́ta, èkíní ń dà sí èkejì,
ìkẹta kì í kánjú.

Oṣù Kọkànlá, ìgò Gwenllian tún dé.
Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀: ó mọ́,
àfi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, kò nípọn ju èékánná lọ.
"Ó kù díẹ̀," ó wí,
ó ní kí n fọ ìgò òun kí n tó dá a padà.