Òòrẹ̀ Lójú Irin

Dókítà ní kí n máa rìn.
Ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi,
bí ẹni pé mo ti jẹ adùn ayé kọjá ìwọ̀n.
Mo rẹ́rìn-ín. Adùn wo?
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi di àsíá mú
ní oríta ojú irin, níbí, ní Ṣábẹ,
pupa fún ìdúró, àwọ̀ ewé fún ìlọ,
eruku àti èéfín fi ojú mi ṣe ilé.

Lálẹ́ àná, bí oòrùn ṣe ń wọ̀,
tí àwọn òkè dúdú bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀,
mo mú ọ̀pá, mo mú tọ́ọ̀ṣì,
mo gba ojú irin lọ.

Ojú irin tí ọkọ̀ kò gbà mọ́.
Koríko ti gorí pákó ìdábùú,
ewúrẹ́ Ìyá Wórù ń bímọ síbi tí èrò ti í dúró.
Èmi nìkan ni mo ṣì ń ka pákó náà,
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta,
títí yóò fi pé ọ̀ọ́dúnrún kí n tó yí padà.

Ní igba ó lé mọ́kàndínlógún, mo gbọ́ ọ.
Ṣẹ̀rẹ̀.
Ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀.
Bí ẹni tó ń gbọn ìdì ìgbálẹ̀ gbígbẹ.
Mo rò pé ejò ni. Ẹsẹ̀ mi di òkúta.
Mo tan iná.

Òòrẹ̀ ni.
Ó ń bọ̀ láàárín irin méjèèjì,
kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì,
ó ń fi imú gbọ́ òórùn pákó kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò.
Ẹ̀gún rẹ̀ funfun, dúdú, funfun,
bí ọ̀pá tí mo fi í dínà nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀.

Mo ti pa òòrẹ̀ rí, n kò ní purọ́.
Lọ́dọ̀ọ́, èéfín la fi ń lé wọn jáde nínú ihò àpáta,
ìyá mi a sì fi ata gígún sè é.
Ọwọ́ mi rántí. Ó di ọ̀pá mú ṣinṣin.
Ẹran náà wò mí,
ojú kékeré, ojú òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀,
ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó na ẹ̀gún.
Kò bínú. Ó kàn ń bi mí ni:
ojú irin rèé, ta ló fún ọ láṣẹ?

Ìgbà náà ni mo gbọ́ alùpùpù.
Bíaù, ọlọ́kadà, tí í sáré bí ẹni tílé rẹ̀ ń jó,
iná rẹ̀ kan ṣoṣo ń fò sókè sódò,
òòrẹ̀ sì ti yà, ó ń wọ́ra lọ sójú títì.

N kò mọ ohun tó gbé mi.
Mo já fìlà pupa kúrò lórí,
mo na apá mi tán, mo tan iná sí i,
ohùn tí mo rò pé mo ti dá padà fún ìjọba jáde:
Dúró!

Eruku gba gbogbo ayé.
"Bàbá, kí ló dé? Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ ni?"
"Ó ń bọ̀."
Ó ń kọjá lọ,
ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀,
kò kánjú fún ẹnikẹ́ni.
Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn Bíaù
gbá búrẹ́dì rẹ̀ mọ́ àyà.
Bíaù ní, "Ẹran rèé, Bàbá!"
Mo ní, "Èrò ni."

Nígbà tí ìrù rẹ̀ wọ koríko tán,
mo sọ apá kalẹ̀.
Mo dé fìlà mi. Wọ́n lọ.

Láàárọ̀ yìí mo wọn ṣúgà. Ó ṣì ga.
Lálẹ́ mo tún padà síbẹ̀.
Ẹ̀gún kan ṣoṣo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó
igba ó lé mọ́kàndínlógún.
N kò mú un.
Mo kà á kún un,
mo ń lọ.