Ẹ Yá Wa Ni

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Òkobàbá,
ìyẹ̀fun igi ló pàdé mi lọ́nà.
Ó wọ̀ mí nímú, ó wọ kámẹ́rà,
ó bà lé ìpéǹpéjú mi bí àtíkè ọmọ tuntun.
Ẹ̀rọ ń la gẹdú, gẹdú ń ké,
àwọn ọmọdé ń fò láti orí ìtì dé orí ìtì
lórí ọ̀sà tó dúdú bí omi aró.
Mo gbé kámẹ́rà sójú.
Kíá, wọ́n tò, wọ́n yọ àyà síta,
wọ́n na ìka méjì-méjì
bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ fọ́tò.

Ẹnì kan ò na tiẹ̀.
Sètónjí fi ike tó fi ń gbọ́n omi ọkọ̀ bojú,
inú ike náà ló ti ń sọ̀rọ̀,
ohùn rẹ̀ ń dún bí ti ẹni tó wà nínú kànga:
"Bùrọ̀dá, àwọn kan ti wá rí.
Wọ́n ní ká rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ní ká má rẹ́rìn-ín mọ́, a fajú ro.
Látìgbà yẹn a ò rí wọn,
a ò sì rí ara wa.
Wọn ò ya wá.
Wọ́n yá wa ni,
wọn ò tíì dá wa padà."

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ojú tèmi wà nílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo tẹ̀ wọ́n jáde ní Yábàá,
ojú mẹ́rìnlá lórí bébà tó ń dán.
Jọlásùn gba tiẹ̀, ó sá wọlé,
ó jáde wá wò mí, ó tún sá wọlé.
Fádèyí ní òun kọ́ nìyí,
etí òun ò tóbi tó báun.
Gbogbo wọn wo etí, wọ́n wo bébà,
wọ́n ní òun gan-an ni.

Ìyá àgbà Sètónjí yẹ àpótí dúdú náà wò,
ó ní ṣé ó lè ya ọmọ òun obìnrin
tó kú ní òjò èṣí.
Mo ní, "Rárá, màmá."
Ó ní, "Ẹ ya ọmọ rẹ̀ nígbà náà,
ojú kan náà ni."
Sètónjí ti gbé ike.
Mi ò yà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo kàn ń yà kí wọn lásán,
kámẹ́rà wà nílé, ọwọ́ mi wà nínú àpò.
Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń rìn lórí ìtì tó ń yí.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣubú sómi;
ẹ̀ẹ̀kẹta, Sètónjí rẹ́rìn-ín títí
ike bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ gbé e wá lọ́la."

Ó fi okùn rẹ̀ kọ́rùn.
Ó ya ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Ó ya ẹ̀yìn ìyá àgbà, níbi tí bọ́tìnnì ti já.
Ó ya bàtà mi tí mo sá sórí pákó.
Ló bá yíjú sí mi:
"Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́."
N ò mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ sí.
Ká ní ike kan wà nítòsí,
ǹ bá fi bojú.

Fọ́tò náà wà lára ògiri pákó wọn báyìí,
ìṣó kan, lókè ẹní tí wọ́n ń sùn,
mo di ojú kan, mo la ìkejì.
Tirẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi títí dòní.
Bí mo bá ti yọ lórí afárá pákó, á pariwo:
"Bùrọ̀dá, mi ò tíì dá yín padà o!"
Mo ní kò burú.
Mi ò sin gbèsè.