Ìwé Owó Àbàtà

Ojú ewé kìíní: ẹgbẹ̀rin náírà,
ọwọ́ Ìyá Dọ́káàsì tó ń já ewé gbòdògì.
Ó tú u létí ìró. Owó náà tutù,
ó ń rùn bí ẹrẹ̀.
Mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò kọ òórùn rẹ̀.

Àwọn ọmọ Ilé Alápó fẹ́ ta àbàtà ẹ̀yìn Ìsánlú-Ìsin
àti igbó tó yí i ká, títí dé ojú títì.
Ẹni tí yóò rà á ti Ìlọrin wá,
ó ti ka iye típà yẹ̀pẹ̀ tí yóò fi dí i.
Àwọn àgbà ilé náà fún wa láyè díẹ̀:
mílíọ̀nù mẹ́fà, kí iṣu tuntun tó jáde.

Jímọ́ọ̀ mẹkáníìkì mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá.
Ó ní òun ò mọ orúkọ ẹyẹ kankan níbẹ̀,
ṣùgbọ́n kànga òun ò gbẹ rí.
Àwọn ọmọ iléèwé ta ike omi tí wọ́n ṣà,
ẹgbẹ̀sán ó lé ogójì;
wọ́n dúró tì mí kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ọmọ wa tó wà ní Kánádà fi "a ó rí i" ránṣẹ́.
Mo kọ ìyẹn náà, mo fi òdo síwájú rẹ̀.

Awọnlẹ̀ gbé okùn rẹ̀ dé.
"Kí lẹ fẹ́ kọ́ síbẹ̀?"
A ní a ò fẹ́ kọ́ nǹkan kan.
Ó rẹ́rìn-ín, bàtà rẹ̀ kan rì.
"Ẹ ó wá kówó rẹpẹtẹ jọ kí nǹkan lè wà bó ṣe wà?"
Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ìyá mi.
Ṣé ìwọ kì í rogùn kí ara lè wà bó ṣe wà ni?

Wọ́n ní àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan.
Èmi tí mo gbé garawa kiri lọ́dún tí ọ̀dá dá,
mo mọ ilé tí wọ́n ti bí odò.

Lálẹ́ àná mo ṣírò rẹ̀, mo tún un ṣí:
ó ku mílíọ̀nù kan àti díẹ̀.
Iṣu Bàbá Sùnmọ́nù sì ti ń la ebè.
Mo pa fìtílà. Àwọn àkèré bẹ̀rẹ̀,
ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ nínú wọn,
wọ́n ń pariwo lórí ilẹ̀ tí a ò tíì rà.

Mo tún fìtílà tàn.
Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní kọ̀rọ̀ yàrá,
ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mi ò fẹsẹ̀ kàn án.
Ọ̀tunla lọjà.