Àtẹ̀gùn Kẹsàn-án

Àtẹ̀gùn ilé wa l'Ókè-Àdó, mẹ́tàdínlógún ni.
Mo mọ̀ wọ́n bí ajigbèsè ti í mọ olówó;
ìkẹsàn-án ló burú jù.

Dókítà Oríta-Mẹ́fà na àwòrán eegun síná,
ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ó dá ọjọ́."
Irin ni yóò rọ́pò ohun tí ìyá mi bí mọ́ mi.
Mo ní ó dẹ̀yìn Iléyá.
Iléyá kọjá. Mo ní kójò dá ná.
Òjò dá; orúnkún ń tọrọ epo bí ilẹ̀kùn.

Lánàá, Ṣìfáwù kígbe láti òdìkejì títì:
"Oṣù méje! Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Mo jókòó sórí ìkẹsàn-án, mo pe ọmọ mi:
"Bá mi bèèrè iye rẹ̀.
Má tíì sọ fún bàbá rẹ."